Luan Tó Kọ́kọ́ Tẹ̀ka

Bí ẹ bá rí arúgbó kan ní Qingdao tó ń fi ọ̀pá gbá ìdérí gọ́tà, tí ogún àlejò sì tò tẹ̀lé e bí ọmọ pẹ́pẹ́yẹ, Luan Chengzhai nìyẹn. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi ṣiṣẹ́ nínú gọ́tà tí àwọn ará Jámánì gbẹ́ sábẹ́ ìlú wa nígbà tí wọ́n ń jẹ gàba lé wa lórí. Ó ní òun bá eku kan pàdé níbẹ̀ tó ń sọ èdè Jámánì. Ó dáa, èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n òun náà kò jiyàn.

Nígbà tó fẹ̀yìn tì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í mú àlejò rìn lọ́jọ́ Sátidé, lọ́fẹ̀ẹ́. Wọ́n á gbéra létí òkun, wọ́n á gba ọ̀dọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n á sì parí rẹ̀ sínú agboolé tí èmi àti òun jọ ń gbé, níbi tí ìdílé méjìlélógún ti ń pọn omi lẹ́nu ẹ̀rọ kan ṣoṣo. Èmi á ti jókòó sábẹ́ àtẹ̀gùn pákó, pẹ̀lú bíà mi nínú ọ̀rá, bí a ṣe ń rà á ní Qingdao.

"Jámánì ló kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì," Luan á wí, "àwọn baba wa ló kọ́ ibí. Yàrá òkè yẹn ni wọ́n bí Bàbá Sui yìí sí. Èwo wá ni ohun àjogúnbá, ògiri ni àbí òun?"

"Èmi ni," màá dáhùn. "Ẹ ò rí i pé èmi náà ti ń jò bí òrùlé?"

Lọ́dún tí wọ́n ní ká kó jáde kí wọ́n lè tún agboolé ṣe fún arìnrìn-àjò, Luan ló kọ ìwé àdéhùn wa: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dá lọ buwọ́ lùwé ìkójáde ti ìjọba. Bí a ó bá lọ, a ó jọ lọ ni. Òun ló kọ́kọ́ ti ìka bọ tàdáwà pupa, tó tẹ̀ ẹ́ mọ́ ìwé. Xiuzhi ìyàwó mi tẹ̀lé e.

"Ẹ̀gbọ́n," mo ní, "orúnkún Xiuzhi ńkọ́? Wọ́n ní ẹni tó bá kọ́kọ́ buwọ́ lùwé ló máa kọ́kọ́ mú ilé tuntun tó wù ú. Kò lè gbé òkè."

"Fọkàn balẹ̀. Ti ìsàlẹ̀ la máa mú fún un. Ṣé èmi ni mo máa tàn ẹ́?"

Oṣù mẹ́ta la fi dúró. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ń gbé èso wá bẹ̀ wá; a jẹ èso náà, a ò buwọ́ lùwé.

Sátidé kan, Luan kó àlejò dé. Láàárọ̀ yẹn ni wọ́n lẹ orúkọ àwọn tó ti buwọ́ lùwé mọ́ ẹnu ọ̀nà, bí wọ́n ṣe tẹ̀lé ara wọn. Àlejò obìnrin kan ń kà á sókè.

"Ẹni kìíní, Luan Chengzhai. Bàbá, ṣé kì í ṣe ẹ̀yin nìyí?"

Mo dìde, mo wo ọjọ́ tí wọ́n kọ síwájú orúkọ rẹ̀. Ọjọ́ kejì tí a tẹ̀ka ló lọ buwọ́ lùwé ìjọba.

"Ọjọ́ kejì, ẹ̀gbọ́n? Tàdáwà ò tíì kúrò lọ́wọ́ yín nígbà yẹn."

"Jẹ́ ká sọ ọ́ nínú ilé."

"Nínú ilé ta ni?"

Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ẹsẹ̀ ń dun Peiyun ìyàwó tèmi náà. Ẹyọ kan ṣoṣo ló sì wà nísàlẹ̀."

"Ṣé ẹ ti mọ̀ nígbà tí ẹ ń ṣèlérí rẹ̀ fún Xiuzhi?"

Bí mo bá ń sọ ọ́ fún àwọn ọmọ-ọmọ mi, mo máa ń ní mo da bíà lé e lórí. N kò dà á. Mo padà jókòó ni, bíà sì gbóná sí mi lọ́wọ́.

Àjà kẹrìndínlógún ló kan àwa. Bí ẹ̀rọ tó ń gbéni sọ̀kalẹ̀ bá ti bàjẹ́, ojú fèrèsé ni Xiuzhi ti ń rí ayé.

Nígbà tí òtútù lọ lọ́dún yìí, mo dé fìlà bojú, mo wọ bọ́ọ̀sì méjì, mo sì dara pọ̀ mọ́ àwọn àlejò Luan. Agboolé wa ti di ilé kọfí; ibẹ̀ ló ti ń mú wọn gbéra báyìí. Ó fi ọ̀pá gbá ìdérí gọ́tà níwájú rẹ̀.

"Ìdílé méjìlélógún ló gbé ibí," ó wí. "Wọ́n fẹ́ràn ara wọn. Ọjọ́ kan náà ni gbogbo wọn jọ kó lọ."

Luan tí kì í bu iyọ̀ sí ìtàn. Èmi ni mo máa ń bù ú. Mo nawọ́ sókè bí ọmọ iléèwé.

"Bàbá, ta ló kọ́kọ́ lọ?"

Ó mọ ohùn mi. Ojú rẹ̀ wá mi títí ó fi rí mi, ó sì gbé e kúrò.

"Ẹ jẹ́ ká máa lọ," ó wí fún wọn. "Ṣọ́ọ̀ṣì ò ní pẹ́ tilẹ̀kùn."

Gbogbo wọn tẹ̀lé e.