Ère Evodio

Bí ẹ bá fẹ́ kí ojú Ifigenia Cuautle yí padà, ẹ sọ fún un pé ère tó mọ kò jọ ẹni tó fi ṣe. Òun ló ń fi pépà àti ìyẹ̀fun pípò mọ Júdásì tí a máa ń so bángà mọ́ lára, tí a ń sun ní gbàgede ìlú wa lọ́dọọdún kí Àjíǹde tó dé. Ẹnu obìnrin náà fúnra rẹ̀ ò sì fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí bángà.

Lọ́dún tí Evodio, olórí ìlú wa, darí omi gbogbo wa sí oko píà rẹ̀, tó sì fi kọ́kọ́rọ́ ti ọ̀nà tí omi ń gbà wá sílé wa, a pinnu láti wọ́de. A ní kí Ifigenia mọ ère Evodio, ká sun òun náà. Ọ̀rọ̀ yìí kò rọrùn fún un. Òun ló gbé Chayo, ọmọ Evodio, lọ́wọ́ níbi ìrìbọmi. Nítorí èyí, compadre rẹ̀ ni Evodio jẹ́, òun náà sì jẹ́ comadre Evodio, ẹni tó bá sì bá compadre rẹ̀ jà níbí, àfi bí ẹni bá ṣọ́ọ̀ṣì jà. Ifigenia ò bímọ. Chayo ló máa ń bá a jẹun ní gbogbo ọjọ́ Sunday.

"Kí ni kí n fi po ìyẹ̀fun?" ló bi wá. "Itọ́?"

Ilé kọ̀ọ̀kan bu omi tó fowó rà wá fún un.

Lọ́jọ́ ìwọ́de, gbàgede kún fọ́fọ́. Àwọn obìnrin ń lu korobá òfìfo. Ọkùnrin kan tú ẹnu ẹ̀rọ omi ilé rẹ̀, ó gbé e kọ́rùn. Ọ̀rọ̀ tí tíṣà wa kọ sára aṣọ gùn débi pé èèyàn mẹ́fà ló gbé e, kò sì sẹ́ni tó kà á tán. Fadá dúró sábẹ́ igi, níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti ní sọ pé ó ṣe tẹnì kan. Ẹni tó ń ta àgbàdo sísè nìkan ni inú rẹ̀ dùn dénú.

Ni wọ́n bá gbé ère náà jáde, tirunmú tikùn. Ẹ̀rín bú. Evodio yọjú lórí bákónì ilé ìjọba.

"Comadre! Ṣé bí ikùn mi ṣe tóbi tó nìyẹn?"

"Mo tiẹ̀ ti bá yín dín in kù, compadre! Pépà ò tó!"

A so okùn mọ́ igi, a so orí kejì rẹ̀ mọ́ irin bákónì, a sì gbé ère náà kọ́ sáàárín, bí a ṣe máa ń ṣe fún Júdásì. Kò sẹ́ni tó rò ó wò, Evodio pàápàá kàn ń wò wá ni. A ṣáná sí i. Bángà dún, ikùn bẹ́, iná gba ara okùn lọ sókè, ó sì ran aṣọ ọ̀ṣọ́ tí wọ́n ta sára bákónì.

"Omi!" ni Evodio kígbe. "Ẹ bu omi wá! Omi!"

Ohun tí àwa ti ń pariwo láti àárọ̀ nìyẹn. Ni gbogbo wa bá rẹ́rìn-ín, títí kan Fadá.

Ifigenia nìkan ló lómi, korobá kan tó ṣẹ́kù lára èyí tó fi po ìyẹ̀fun. Ó gbé e dé abẹ́ bákónì, ó sì gbé e kalẹ̀.

"Compadre, kọ́kọ́rọ́ tí ẹ fi ti omi wa ńkọ́?"

"Comadre, ẹ jọ̀ọ́, iná ń jó!"

"Mo rí i. Èmi ni mo mọ ohun tó ń jó."

Evodio ti ọwọ́ bọ àpò, ó ju kọ́kọ́rọ́ náà sílẹ̀. Ifigenia gun àtẹ̀gùn lọ, ó sì da omi rẹ̀ pa iná. Evodio kọjú sí ògiri.

Ní Sunday, omi ń jáde lẹ́nu ẹ̀rọ nílé gbogbo wa. Ifigenia se oúnjẹ Chayo bó ṣe máa ń ṣe, ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà títí oúnjẹ fi tutù. Ọmọ náà ò wá. Inú mi bàjẹ́ gan-an, torí nínú gbogbo àwa tí a rán an níṣẹ́ yẹn, kò sẹ́ni tí nǹkan kan dín nílé rẹ̀. Mo dìde, mo sọdá sọ́dọ̀ rẹ̀, mo fa àga, mo jókòó.

Ó wò mí látòkè délẹ̀.

"Ìwọ yìí," ló wí, "o máa jẹ ju Chayo lọ."

Ó sì bu oúnjẹ fún mi.