Dúrọ́ọ̀mù Búlúù Ìyá Ọkọ Mi

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ fara balẹ̀ kí n ròyìn ohun tójú mi rí ní Ìsàlẹ̀ Èkó láwọn ọdún 1970, nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ di ìyàwó ilé.

Ìyá ọkọ mi ló lọ ra dúrọ́ọ̀mù búlúù kan ní Apọ́ngbọ̀n. Kẹ́míkà ló wà nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀, àmọ́ ta ló béèrè? Wọ́n fi ọṣẹ àti eérú fọ̀ ọ́, wọ́n pọn omi ẹ̀rọ kún un. Ọ̀làjú dé! Àmù àtijọ́ wá di ti ẹ̀yìnkùlé.

Kò pẹ́ tí inú fi bẹ̀rẹ̀ sí í run mí. Ilé ìyàgbẹ́ di yàrá mi! Ìyá ní jẹ̀díjẹ̀dí ni, pé ṣúgà tí mo lá nílé bàbá mi ló fà á. Wọ́n rẹ àgbo fún mi. Bí mo ṣe ń mu ún ni inú ń le sí i. Ẹ gbọ́ ná, omi wo lẹ rò pé wọ́n fi rẹ àgbo ọ̀hún?

Nígbà tó yá, ààwẹ̀ àwa Mùsùlùmí dé. Ìyá ní bó bá ti parí, kí n lọ tọ́jú ara lọ́dọ̀ ìyá mi ní Ọbalẹ́ndé. Ìyàwó tuntun tó kẹ́rù padà sílé! Àdúgbò á ní ọkọ ti lé e.

Àmọ́ ààwẹ̀ yẹn gan-an ló là mí lójú. Lọ́jọ́ tí mo lọ kí ìyá mi, tí mo sì ṣínu lọ́dọ̀ wọn, mo jẹ àkàrà, mo mu kókó, inú mi dákẹ́. Lọ́jọ́ kejì, nílé ọkọ, ife omi kan péré ni mo tíì fi ṣínu tí inú fi bẹ̀rẹ̀ sí í run mí. Látàárọ̀, kò sí nǹkan mìíràn tó kan ẹnu mi! Mo ní, dúrọ́ọ̀mù, ọwọ́ tẹ̀ ọ́ wàyí.

Mo kúnlẹ̀, mo sọ fún Ìyá pé omi dúrọ́ọ̀mù ló ń fa inú rírun. Wọ́n bínú, wọ́n ní ṣé dúrọ́ọ̀mù táwọn fọwọ́ ara àwọn fọ̀ ni mò ń bú.

Mo ní, "Ẹ má bínú, mà. Àmọ́ ẹ̀yin náà ń di ikùn mú lẹ́yìn ìṣínu."

Kí ilẹ̀ tó mọ́, Ìyá ti fọ àmù, wọ́n sì ti gbé e wọlé fúnra wọn.

Bí inú gbogbo wa ṣe rọlẹ̀ nìyẹn. Lọ́jọ́ ọdún Ìtúnu Ààwẹ̀, Ìyá dojú dúrọ́ọ̀mù bolẹ̀ ní àgbàlá, wọ́n jókòó lé e, wọ́n ń sọ fún gbogbo àlejò pé ìyàwó àwọn ò lọ Ọbalẹ́ndé mọ́!

Ẹ jọ̀ọ́, kẹ́ ẹ tó di ẹ̀bi ru jẹ̀díjẹ̀dí, ẹ kọ́kọ́ yẹ ohun tẹ́ ẹ ń pọn omi sí wò. Kẹ́míkà ò mọ ọṣẹ. Ta ni irú ẹ̀ ti ṣe rí nínú yín? Ẹ sọ tiyín, etí mi wà nílẹ̀.