Ìyá Alágbọ́n àti Ẹyin Abẹ́ Ewé

Àwọn àgbẹ̀ ló sọ ọ́ ní Ìyá Alágbọ́n, torí ọdún mọ́kàndínlógún ló ti ń sin agbọ́n tíntìntín, irú tí kì í ta èèyàn, nínú ìgò. Láràárọ̀, kó tó fẹnu kan omi, á ka àfòpiná tó kó sínú pàkúté ẹ̀yìn ọ́fíìsì ètò ọ̀gbìn tó ti ń ṣiṣẹ́. Ìyá kòkòrò ajàgbàdo ni wọ́n, atẹ́gùn ló ń gbé wọn wá láti ọ̀nà jíjìn.

Lọ́jọ́ tí àfòpiná inú pàkúté pé ọgọ́rin, ó figbe ta: "Kòkòrò ń bọ̀ o! Ẹni tó bá fín oògùn pa agbọ́n mi, á rí ìjà mi!" Ó sì tú agbọ́n rẹ̀ sí gbogbo oko.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá, àgbàdo tutù yọ̀yọ̀. Bàbá àgbẹ̀ kan dá a dúró lójú ọ̀nà oko.

"Ìyá Alágbọ́n, ẹ purọ́ fún wa. Ẹ kó wa láyà sókè, kòkòrò kan ò sì yọjú."

Ẹ̀rín pa á. Ó yí ewé àgbàdo kan padà. Ẹyin kòkòrò lẹ̀ mọ́ abẹ́ rẹ̀ jọ, gbogbo wọn dúdú bí èédú. Agbọ́n ti yé sínú wọn, ọmọ agbọ́n sì ti jẹ inú wọn tán.

"Wọ́n dé, Bàbá," ló wí. "Ẹni tó gbà wọ́n lálejò lẹ ò rí."