Férémù Mẹ́ta Lórí Bẹ́ẹ̀dì Wa

Orúkọ ọkọ mi ni Rájí, ṣùgbọ́n èmi kì í pè é bẹ́ẹ̀, torí wọ́n kọ́ mi nílé. Bọ̀ọ̀dá mi ni mo ń pè é. Ẹ jẹ́ kí n yáa sọ ọ́ báyìí pé n ò kórìíra rẹ̀, nítorí ohun tí mo fẹ́ sọ lè mú kí ẹ rò bẹ́ẹ̀.

Mẹkáníìkì máṣíìnì, ìyẹn alùpùpù, ni, ní Apakun. Ìwó ni wọ́n ti bí i. Ìsọlọ̀ la ń gbé, yàrá kan ṣoṣo nínú ilé oníyàrá mẹ́wàá. Ọdún tí owó Údójì jáde, àfikún owó oṣù tí ìjọba san, gbogbo akọ̀wé ìjọba l'Ékòó ló sáré lọ ra máṣíìnì. Bọ̀ọ̀dá mi kì í ṣe òṣìṣẹ́ ìjọba, Údójì ò mọ ojúlé wa. Ó ní kò burú, òun á to tòun fúnra òun. Kì í sì í ṣe irú èyí tí àwọn akọ̀wé ń gùn lórí ọ̀dà o. Máṣíìnì inú igbó ló fẹ́, èyí tí táyà rẹ̀ léyín, tí páìpù èéfín rẹ̀ ga sókè, irú èyí tí àwọn òyìnbó tó ń la títì máa ń gùn wọnú ẹrẹ̀. Òyìnbó kan ń padà sílùú rẹ̀, ó fi àwókù mẹ́ta sílẹ̀. Bọ̀ọ̀dá mi tú wọn palẹ̀, ó ru férémù wọn wálé: ọ̀kan pupa, ọ̀kan dúdú, ọ̀kan tí ọ̀dà ti bó lára rẹ̀ tán.

Férémù ni egungun máṣíìnì. "Èyí tó bá fúyẹ́ jù nínú wọn ni n ó lò," ló wí. Òótọ́ ọ̀rọ̀ sì ni. Ní Ìsọlọ̀ wa, bí òjò bá rọ̀, ibi tí máṣíìnì bá gbé ọ dé, ìwọ náà lo máa gbé e láti ibẹ̀. Pákó la fi ń sọdá odò ẹ̀yìn ilé wa. Ẹni tó bá ru irin wúwo dé àárín rẹ̀, ẹja ló ń lọ kí.

Ibo ló kó wọn sí? Orí bẹ́ẹ̀dì. Ó ní ilẹ̀ yàrá tutù, wọ́n á dógùn-ún. Èmi kì í dógùn-ún, nítorí náà èmi ni mo sùn sórí ẹní, tòun ti oyún oṣù márùn-ún. Òun náà sùn tì mí nílẹ̀, kò tilẹ̀ ráhùn. Ohun kan ṣoṣo ni mo ń bẹ Ọlọ́run fún: kí bẹ́ẹ̀dì yẹn ṣófo kí n tó bímọ. N ò fẹ́ kí àkọ́bí mi wá bá orogún onírin mẹ́ta nílé.

Ṣùgbọ́n ọkọ mi ò lè yan ọ̀kan. Bó bá di ìrọ̀lẹ́, á gbé férémù kan sí èjìká ọ̀tún, á gbé òmíràn sí tòsì, á rìn láti ẹnu ọ̀nà dé ìdí kànga, á padà. Èjìká tó bá kọ́kọ́ dùn ún, férémù ibẹ̀ ló wúwo. Àwọn ọmọ ilé á tò tẹ̀ lé e, wọ́n á máa pàtẹ́wọ́. Lónìí dúdú ló fúyẹ́, lọ́la ó di aláìlọ́dà, lọ́tunla ó di pupa. Á gbé ìròyìn náà lọ sí Apakun, wọ́n á fi jiyàn títí ọ̀fun á fi gbẹ. Ọlálérè ọ̀rẹ́ rẹ̀, tó ń kó ẹrù ní pápákọ̀ òfuurufú, tiẹ̀ ní kó gbé wọn wá sórí òṣùwọ̀n àwọn. Wọ́n lé e padà, wọ́n ní irin tí kò ra tíkẹ́ẹ̀tì kì í gun òṣùwọ̀n.

Báyìí ni oṣù mẹ́rin fi lọ. Níjọ́ kan mo jókòó, mo ń ṣa ẹ̀wà, mo wò ó títí, ó yé mi.

"Bọ̀ọ̀dá mi," mo ní, "èjìká òsì yín yìí, ṣé kì í ṣe òun lẹ fi já bọ́ lórí igi ìṣin nígbà tẹ́ ẹ wà lọ́mọdé?"

"Òun ni. Kí ló ṣe é?"

"Gbogbo èyí tẹ́ ẹ bá gbé síbẹ̀ náà ló ń wúwo."

Ó dúró. Ó pààrọ̀ wọn. Ó rìn dé ìdí kànga. Nígbà tó padà dé, ojú rẹ̀ ti fàro. Ẹlòmíràn ì bá tìtorí ẹ̀ kó irin dà nù. Ọkọ mi ní ojú òun ti là wàyí, òṣùwọ̀n gidi ló kù.

Èmi náà ni mo fi ẹnu ara mi sọ ọ́: "Òṣùwọ̀n tí wọ́n ń so ọmọ kọ́ nílé ìwòsàn tí mo ti gba káàdì aboyún ńkọ́? Ó ń gbé tó kílò mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n." Inú rẹ̀ dùn débi pé ó gbá mi mọ́ra níwájú gbogbo ará ilé. Ó ti pẹ́ tí ìyẹn ti ṣẹlẹ̀ gbẹ̀yìn.

Ní Wẹ́sìdeè, ọjọ́ àwọn aboyún, a mú ọ̀nà pọ̀n. Ó gbé dúdú àti aláìlọ́dà, èmi fi òṣùká ru pupa. Ìyá Àrìnkẹ́, tí yàrá rẹ̀ kọjú sí tiwa, pariwo láti ojú fèrèsé: "Rájí! O ru irin fún aboyún! Ṣé orí ẹ pé ṣá?"

"Ẹ má bínú, Ìyá, òun ló ní kí n gbé e fún òun!"

Òótọ́ ló sọ. Mo fẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà parí lọ́jọ́ yẹn, bó tilẹ̀ gba pé kí n fi eyín fà á débẹ̀.

A ò tíì dé ilé ìwòsàn tí ìrọbí fi mú mi. Mo sọ férémù kalẹ̀, mo jókòó lé e lẹ́bàá títì. "Mú un mọ́ra, Ìsíátù," ni ọkọ mi wí, "ká má baà débẹ̀ ká bá èrò nídìí òṣùwọ̀n." Bí mo ṣe débẹ̀, n ò mọ̀. Ohun tí mo rántí ni Nọ́ọ̀sì Felicia tó na ìka sí èjìká ọkọ mi.

"Wetin be dis?"

"Férémù ni, Nọ́ọ̀sì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wọ̀n wọ́n."

"Ọmọ oṣù mélòó ni wọ́n? Ṣé wọ́n ti gba abẹ́rẹ́? Oga, abeg, comot for road, ìyàwó yín fẹ́ bímọ!"

Kí wọ́n tó kí ìrun alásàrì, mo ti bí ọmọbìnrin. Wọ́n so ó kọ́ òṣùwọ̀n: kílò mẹ́ta lé díẹ̀. Mo gbọ́ tí ọkọ mi ń béèrè lẹ́nu ọ̀nà bóyá òṣùwọ̀n ti ṣófo báyìí. Ká ní mo lágbára ni, ǹ bá ju bàtà lù ú. Ó dùn mí, ẹkún sì gbọ̀n mí. Nọ́ọ̀sì ní kó máa lọ, kó padà wá láàárọ̀.

Ó padà wá. Òjò ti rọ̀ mọ́jú. Ìyá Àrìnkẹ́ bá a wá, ó gbé ẹ̀kọ gbígbóná dání, ó ní omi ti bo pákó dé kókósẹ̀. Èmi sì rèé, wọ́n fi òwú rán ibi tí mo ti ya nígbà ìbímọ, ìrìn ò ṣeé rìn. Ìyá Àrìnkẹ́ gba ọmọ. Bọ̀ọ̀dá mi dúró láàárín yàrá, ó wo férémù mẹ́ta tó fara ti ògiri, ó wò mí.

Nọ́ọ̀sì Felicia yọjú. Ìbínú àná ti tán. "Oga, kò sí ọmọ kankan lórí síkéèlì báyìí. Ẹ gbé irin yín wá, kíá."

Mo di etí bẹ́ẹ̀dì mú.

"Ẹ ṣeun, Nọ́ọ̀sì," ni ọkọ mi wí. "Ẹ fún géètìmáànù yín, kó fi ṣọgbà adìẹ." Ó lóṣòó, ó kẹ̀yìn sí mi, ó ní kí n gùn ún.

Báyìí ló ṣe pọ̀n mí la Ìsọlọ̀ kọjá, àwọn èèyàn ń wò wá, òun ń mí hẹlẹhẹlẹ. Nígbà tó dé àárín pákó, ó dúró, ó gbé mi sókè kí n jókòó dáadáa, ó wá fi ohùn jẹ́jẹ́ béèrè: "Ìsíátù, nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, èwo lo rò pé ó fúyẹ́ jù?"

Pupa ni. Oṣù mẹ́rin ni mo fi ń gbé wọn sílẹ̀ láràárọ̀ kí n lè gbọn eruku orí bẹ́ẹ̀dì, tí mo tún ń gbé wọn padà sórí rẹ̀. Pupa ló fúyẹ́ jù, wọn ò tilẹ̀ súnmọ́ra. Kò sẹ́ni tó bi mí rí.

"Bọ̀ọ̀dá mi," mo ní, "ọgbọọgba ni wọ́n."