Bàbá Èènì àti Kànga Alágàdágodo Mẹ́ta

Bí wọ́n bá dárúkọ Bàbá Èènì olóògbé, ọ̀rọ̀ àwo tíì ló máa ń kọ́kọ́ jáde. Àwọn ọ̀gá mẹ́ta ló wà nípàdé lọ́jọ́ náà: ọ̀gá ọ́fíìsì tó ń yẹ omi wò, ọ̀gá ọ́fíìsì tó ń ka àwọn aláìsàn, àti ọ̀gá ọ́fíìsì tó ń dán oògùn wò. Obìnrin ni ìkẹta yìí, ohùn rẹ̀ sì le ju tàwọn méjèèjì lọ. Ìjọba kan náà ló gbà wọ́n síṣẹ́, ìlera ìlú kan náà ni wọ́n ń mójú tó, wọ́n sì fẹ́ kọ ìwé àdéhùn pé àwọn á jọ máa ṣèwádìí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko, ojú ewé àkọ́kọ́ ni wọ́n wà. Wọn ò tíì mọ ọ́fíìsì tí orúkọ rẹ̀ máa ṣáájú.

"Omi ló ṣáájú," ọ̀gá Omi wí. "Kí wọ́n tó dá èèyàn ni omi ti wà."

"Bí ò bá sí aláìsàn, ta ló máa bojú wo ọ̀dọ̀ yín?" ọ̀gá Àìsàn dá a lóhùn.

"Ẹ dákẹ́, ẹ̀yin ọkùnrin," ọ̀gá Oògùn ní. "Nígbà tí inú bá ń run yín, ṣé fáìlì lẹ máa ń gbé mì?"

Bàbá Èènì, mẹ́sẹ́ńjà tó gbé tíì wọlé, wò wọ́n títí. Ó mú àwo pẹrẹsẹ tó wà lábẹ́ ife kan, ó dojú rẹ̀ dé orí ìwé náà, ó fi báírò fa ìlà yí i ká. "Ẹ kọ orúkọ yín yí etí rẹ̀ po," ó ní. "Ẹni tó bá fẹ́ ṣáájú, kó máa yí ìwé náà títí tirẹ̀ á fi bọ́ sókè." Wọ́n fọwọ́ sí i kí tíì tó tutù. Ọ́fíìsì kọ̀ọ̀kan fi ẹ̀dà tirẹ̀ kọ́ ògiri, kò sì sí méjì tó kọjú síbì kan náà nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Èé ṣe tí wọ́n ń pè é ní Bàbá Èènì? Kò sóhun tí ẹ máa fún ọkùnrin yẹn tí kò ní ní kí ẹ fi nǹkan lé e. Onígbàjámọ̀ á fá orí rẹ̀ tán, bàbá náà á ní kó fi irùngbọ̀n ṣe èènì. Ìyàwó rẹ̀ fúnra rẹ̀ ló ń sọ ọ́ kiri pé lọ́jọ́ ìgbéyàwó àwọn, nígbà tí wọ́n bi í bóyá ó gbà láti fẹ́ òun, ó ní, "Mo gbà. Kí lẹ máa fi lé e?"

Ẹni tó sún mọ́ ọn jù níbi iṣẹ́ ni obìnrin kan tó ń yẹ omi wò ní láàbù. Onígò ni bàbá náà sọ ọ́, torí kò sígbà tí ìgò ò sí lọ́wọ́ rẹ̀. Onígò lè sọ fún yín pé láti ìgbà tí wọ́n ti fọwọ́ sí ìwé àdéhùn náà, iṣẹ́ àjọṣe kankan ò bẹ̀rẹ̀. Ilẹ̀kùn ọ́fíìsì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dojú kọra ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan. Bí Omi bá fẹ́ béèrè nǹkan lọ́wọ́ Àìsàn, yóò kọ lẹ́tà. Lẹ́tà náà á sọ̀ kalẹ̀ lọ sẹ́nu géètì láti gba òǹtẹ̀ pé ó ti jáde, á sùn síbẹ̀ de akọ̀wé mìíràn tó máa lu òǹtẹ̀ pé ó ti wọlé, á wá gun àtẹ̀gùn padà wá sílẹ̀kùn tó kọjú sí èyí tó ti jáde. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni. Ẹni tó bá nawọ́ lásán á kan ilẹ̀kùn kejì.

Ibi tí wọ́n ti ń ṣe èyí ni ìgbẹ́ gbuuru bẹ́ sílẹ̀. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Tuesday kan, ẹ̀gbọ́n Onígò pè é lórí fóònù.

"Àbúrò mi, ọmọbìnrin mi ò gbádùn o. Gbogbo ohun tó bá mu ló ń bì. Dókítà ti fún un lóògùn, oògùn náà ò ràn án. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí kárí àdúgbò wa."

Onígò mọ̀ pé kànga àdúgbò náà ti bà jẹ́. Òun ló rí kòkòrò inú rẹ̀ nínú ìgò ní àárọ̀ ọjọ́ náà gan-an. Ó kìlọ̀ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kíá pé kó má bu ún mu mọ́. Àmọ́ oògùn wo ló ń pa irú kòkòrò yẹn? Ọ́fíìsì Oògùn ti mọ̀ ọ́n, wọ́n tì í mọ́ inú dúrọ́ọ̀. Ta ló lè ti kànga náà pa? Òfin ní ó di ìgbà tí wọ́n bá fi iye aláìsàn kún èsì omi, ọ́fíìsì Àìsàn ló sì ni ìyẹn. Bàbá Èènì bá a lẹ́gbẹ̀ẹ́ síǹkì níbi tó ti ń sunkún, Onígò sì ro gbogbo rẹ̀ fún un.

"Ọmọ náà lè dúró dìgbà wo?"

"Dókítà ní ọ̀la ló le jù, Bàbá."

"Kí lo wá ní lọ́wọ́?"

"Orúkọ kòkòrò náà nìkan ni mo ní."

"Nu ojú rẹ nù. Ọjà wà nílẹ̀ nìyẹn."

Ó kọjá sí ọ̀dọ̀ akọ̀wé ọ́fíìsì Àìsàn, ó fìdí kalẹ̀ bí ẹni tí ò níbi tó ń lọ. "Mo mọ orúkọ ohun tó ń ṣe àwọn èèyàn yín," ó ní. "Ẹ ka iye wọn fún mi, kí n sọ ọ́."

"Ha, Bàbá! Bóyá ìdajì ni mo lè sọ."

"Ìdajì kẹ̀? Ṣé ìdajì ara ló ń ṣe wọ́n ni?"

Akọ̀wé rẹ́rìn-ín, ó ka gbogbo rẹ̀: mẹ́tàlélógún, omi kànga kan náà ni gbogbo wọn ń mu.

"Èènì mi ńkọ́?"

Akọ̀wé wo ẹ̀yìn, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Méjì ti kú. A ò tíì kọ ọ́ sílẹ̀." Ìyẹn ni èènì kan ṣoṣo tí bàbá náà gbà láyé rẹ̀ tí kò dúpẹ́ rẹ̀.

Ó wọ ọ́fíìsì Oògùn, ó ro ti ọmọ náà fún wọn. Ọ̀gá obìnrin náà ní òun ò lè tú àṣírí ìwádìí òun kí ó tó jáde nínú ìwé ìròyìn àwọn onímọ̀.

"Ìgbà wo ló máa jáde, Màmá?"

"Lọ́dún tó ń bọ̀."

"Ó dáa. Ẹ jẹ́ kí ọmọ yìí yè, kó lè fojú ara rẹ̀ kà á."

Obìnrin náà wá kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ jáde. Ó ṣí dúrọ́ọ̀.

Ó kù díẹ̀ kí aago méjìlá ọ̀sán lù nígbà tí Onígò pe dókítà, wọ́n sì pààrọ̀ oògùn ọmọ náà. Ní ọjọ́ Friday, ó dìde jókòó, ó ní ebi ń pa òun. Ẹ̀gbọ́n Onígò sunkún lórí fóònù, Onígò náà sunkún, Bàbá Èènì ní eruku ló wọ òun lójú.

Ó ku kànga, iye aláìsàn tí òfin ń béèrè sì ti wà lọ́wọ́. Ó sọ fún ọ̀gá kọ̀ọ̀kan pé àwọn méjì yòókù ń múra lọ tì í, àti pé ayàwòrán oníròyìn ń bọ̀ wá síbẹ̀. Kí lẹ rò pé ó ṣẹlẹ̀? Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sáré débẹ̀, kálukú mú àgádágodo tirẹ̀ dání. Nígbà tí wọ́n máa tún kànga náà ṣe, odindi ọjọ́ kan ni wọ́n fi wá kọ́kọ́rọ́ mẹ́ta. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé ìgbìmọ̀ kalẹ̀ láti wádìí bí iṣẹ́ ṣe yá tó bẹ́ẹ̀, kí irú rẹ̀ má bàa ṣẹlẹ̀ mọ́. Ìgbìmọ̀ fún bàbá náà ní kúèrì pé ó gbé ìwé ìjọba kọjá láìgba òǹtẹ̀.

"Mi ò gbé ìwé," ó dá wọn lóhùn. "Ẹnu ni mo gbé. Bí ẹ bá fẹ́ lu òǹtẹ̀ mọ́ ọn, ẹnu náà rèé." Ó sì yọ ahọ́n síta níwájú ìgbìmọ̀.

Ó pẹ́ díẹ̀ tó fẹ̀yìn tì kí àìsàn tó dá òun náà gúnlẹ̀. Àárọ̀ ni wọ́n gbé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wá sí láàbù, tí kì í ṣe omi nìkan ló ń yẹ̀ wò mọ́. Nígbà yẹn, Onígò ti di ọ̀gá ibẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, òun fúnra rẹ̀ ló mú èsì lọ sí ọsibítù, torí kò fẹ́ kí ẹlòmíì sọ ọ́ fún un.

"Ẹ̀dọ̀ yín ni, Bàbá."

"Ọdún mélòó?"

"Oṣù ni wọ́n ń sọ. Oṣù mẹ́ta."

"Ẹ jẹ́ kó jẹ́ mẹ́fà."

Onígò fi ìwé èsì náà sínú báàgì. Bàbá náà wo ojú rẹ̀, kò sì ná an mọ́. Ó ṣe díẹ̀, ó béèrè ta ló ti rí èsì náà.

"Ọ́fíìsì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti rí i. Lọ́sàn-án òní ni gbogbo wa jọ jókòó tì í, bóyá ọ̀nà kan á wà."

"Lọ́sàn-án kan?" Ó gbé orí sókè. "Kí ni wọ́n gbà lọ́wọ́ rẹ?"

"Wọn ò gba nǹkan kan, Bàbá. Wọ́n sáré wá ni."

Ẹ̀rín pa bàbá náà, ó rín in títí ikọ́ fi gbà á. "Òpè ni gbogbo yín," ó ní. "Ẹ ò mọ ọjà ná rárá." Omi ń bọ́ lójú rẹ̀, kò sì pè é ní eruku.

Onígò di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ó sọ fún un pé òun fẹ́ràn rẹ̀ bí bàbá tó bí òun lọ́mọ, pé ọmọ ẹ̀gbọ́n òun ti wọ ilé ẹ̀kọ́ gíga, ọmọ náà sì fẹ́ràn rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò rí i rí. Onígò ò fẹ́ kó jẹ́ ibi ìsìnkú bàbá náà ni wọ́n á ti máa sọ ọ̀rọ̀ yìí fún àwọn ẹlòmíràn, nígbà tí kò ní lè gbọ́ ọ mọ́.

Bàbá náà di ojú. Onígò rò pé ó ti sùn.

"Tún un sọ," ó ní.