Bàtà Ìyá Ayọ̀ àti Gbólóhùn Kan Ṣoṣo

Nígbà tí àwọn ọlọ́pàá di Ìyá Ayọ̀ mú lápá ọ̀tún àti lápá òsì, tí wọ́n ń tì í lọ sínú ọkọ̀, kò pariwo, kò ké gbà mí. Ohun kan ṣoṣo ló tẹnu mọ́: "Bàtà mi ńkọ́? Ta ló máa bá mi mú bàtà mi?" Ọ̀kan nínú wọn wo ẹsẹ̀ lásán tó fi tẹ kọnkéré nínú òtútù oṣù Kejì, ó wo aṣọ funfun tó wọ̀ dé kókósẹ̀, ó sì kọ ọ́ sínú ìwé pé obìnrin yìí kò mọ ibi tí òun bọ́ bàtà sí. Irọ́ gbuu! Ó mọ̀ ọ́n dáadáa. Abẹ́ igi ni bàtà wà, nínú ọ̀rá. Ó ti ká ìbọ̀sẹ̀ méjèèjì sínú rẹ̀, ó sì ti so ẹnu ọ̀rá náà ní kókó méjì kí òjò má bàa wọ̀ ọ́.

Ìtàn yìí ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń sọ nínú ìjọ wọn ní River Road, níbi tí ṣọ́ọ̀ṣì wà láàárín ilé tí wọ́n ti ń tún ọkọ̀ ṣe àti ilé ìkẹ́rùsí. Ẹnì kan á ní, "Bàtà mi ńkọ́?" gbogbo wọn á sì rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú wọn. Ayọ̀mípọ̀sí, ọmọ kan ṣoṣo tí ìyá náà bí, kì í bá wọn rẹ́rìn-ín.

Olúbùsọ́lá Akínrẹ̀mí ni orúkọ tó wà nínú ìwé ìrìnnà rẹ̀. Ìjẹ̀bú-Igbó ni wọ́n bí i sí, ṣùgbọ́n Dagenham Village nílùú òyìnbó ló fi ṣe ilé fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n nínú rẹ̀ ló fi ń ka páálí nílé ìkẹ́rùsí. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń wá ibi tí wọ́n á ti sinmi, ó ní yunifásítì lòun ń lọ. Ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́ta! Ìtọ́jú àwọn arúgbó ló sì lọ kọ́.

Ayọ̀mípọ̀sí ní, "Mummy, ẹ̀yin gan-an ti di arúgbó o."

Ó ní, "Ìdí nìyẹn. Mo fẹ́ mọ ohun tí wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọ yìí nípa mi."

Ẹni tó bá mọ àwọn aládùúrà mọ̀ pé bàtà kì í bá aṣọ funfun rìn. Bí aṣọ yẹn bá ti bọ́ sí ọ ní ọrùn, ẹsẹ̀ lásán ni, ìbáà ṣe orí yìnyín. Ìyá Ayọ̀ kì í sì í fi àdúrà agogo méjìlá ọ̀sán ṣeré. Yàrá àdúrà wà nílé-ẹ̀kọ́ náà lóòótọ́. Rodiyah, ọmọ Mùsùlùmí kan láti Mayesbrook tí wọ́n jọ wà ní kíláàsì, ló mú un débẹ̀. Wọ́n lẹ ìwé mọ́ ara ògiri pé kí oníkálukú ṣe jẹ́jẹ́.

Ìyá Ayọ̀ ka ìwé náà lẹ́ẹ̀mejì. "Rodiyah, ọmọ mi, báwo lẹ ṣe ń ṣe é níbí tí Ọlọ́run fi ń gbọ́?"

"Ẹ kàn máa sọ ọ́ sínú ni, Mummy."

"Ọlọ́run kì í ṣe adití, mo mọ̀. Èmi ni mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń gbé àdúrà mì."

Bó ṣe di ará abẹ́ igi nìyẹn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi ìgbọ́kọ̀sí, òun àti agogo kékeré ọwọ́ rẹ̀. Ọjọ́ ìdánwò ni ọjọ́ tí mò ń sọ yìí. Ó lu agogo, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í pe orúkọ àwọn èèyàn síwájú Ọlọ́run. Ó pe ọmọ rẹ̀, ó pe gbogbo kíláàsì lọ́kọ̀ọ̀kan, ó pe àwọn olùkọ́. Nígbà tó tán, ó rántí Godswill, ọ̀dọ́kùnrin tó ń ṣọ́ géètì, nítorí ikọ́ ti ń bá a jà láti ọjọ́ tó ti dé ibi iṣẹ́. "Godswill! Ikọ́ yẹn á fi ọ́ sílẹ̀ lónìí! Mo ní á fi ọ́ sílẹ̀!"

Godswill alára wà lórí ìdúró níbẹ̀. Ọ̀gá rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, pẹ̀lú ọlọ́pàá tí wọ́n fi ṣọ́ ọgbà ilé-ẹ̀kọ́. Ọ̀gá náà bi í pé, "Ìwọ tó o wá láti Nàìjíríà, kí ni obìnrin yìí ń ṣe?" Godswill wolẹ̀, ó ní òun ò mọ̀. Rodiyah sáré dé, ó ń pariwo pé àdúrà ni, ẹ fi wọ́n sílẹ̀, àdúrà ni! Wọ́n ní kó sún sẹ́yìn. Kò pé ogún ìṣẹ́jú tí wọ́n fi gbé àgbàlagbà èèyàn lọ sílé ìwòsàn àwọn tí orí wọn dàrú. Ta ni wọ́n bi? Kí ni wọ́n gbọ́ tán kí wọ́n tó dì í mú?

Nílé ìwòsàn, dókítà ọ̀dọ́ kan jókòó tì í pẹ̀lú fọ́ọ̀mù. Ó ní ṣé ó máa ń gbọ́ ohùn tí àwọn ẹlòmíì kì í gbọ́.

"Ojoojúmọ́," ni Ìyá Ayọ̀ wí. "Bí aago ìdáná bá dún pé oúnjẹ ń jóná, èmi nìkan ni mo máa ń gbọ́. Ọmọ mi wà lókè, kò gbọ́ rí."

Dókítà ní kó bẹ̀rẹ̀ láti ọgọ́rùn-ún, kó máa yọ méje méje. Ẹni tó ti ka páálí fún ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n! Ó kà á wálẹ̀ kíákíá láìmí, ó ní, "Ó ku méjì. Ṣé kí n gbé e síbẹ̀ ni, àbí ẹ máa mú un lọ? Ó yá, ó kàn yín." Dókítà rẹ́rìn-ín, òun náà bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó dé márùndínláàádọ́rin, ó há. Ìyá Ayọ̀ fọwọ́ rọra gbá a léjìká, ó ní kó má dààmú, pé ó rẹ̀ ẹ́ ni.

Síbẹ̀ ọjọ́ kejì ni wọ́n tó dá a sílẹ̀. Ayọ̀mípọ̀sí ti sáré dé láti ibi iṣẹ́ rẹ̀ nílé ìwòsàn eléyín kan ní Barking, ojú ti ń tì í. Gbogbo ẹni tó bá kọjá ló ń bẹ̀: nọ́ọ̀sì, dókítà, àti ẹni tó ń nulẹ̀ pàápàá. "Sorry. Sorry. Ẹ má bínú."

Ìyá rẹ̀ wò ó. "Ayọ̀, kí lo ń bẹ̀bẹ̀ fún? Ta la ṣẹ̀?"

Ọ̀rọ̀ yẹn sì wà nínú rẹ̀ bí egungun ẹja fún ọdún méjì gbáko.

Dókítà kọ ọ́ pé kò sí nǹkan kan tó ṣe ìyá yìí. Ṣùgbọ́n gbólóhùn kan ti wọ fáìlì ilé-ẹ̀kọ́, kò sì jáde mọ́: "Ó ń bá àwọn èèyàn tí kò sí níbẹ̀ sọ̀rọ̀." Nítorí gbólóhùn yẹn, wọ́n ní kò lè lọ fi iṣẹ́ kọ́ra nílé àwọn arúgbó mọ́. Ẹni tí kò bá sì lọ kò lè gba ìwé ẹ̀rí. Bàtà pàápàá, wọ́n ní àwọn ò rí i.

Háà, wọn ò mọ ẹni tí wọ́n fọwọ́ kàn! Ìyá Ayọ̀ gbé bíárò, ó ní nǹkan mẹ́ta lòun ń fẹ́. Kí wọ́n yọ gbólóhùn yẹn, kí wọ́n kọ ọ́ pé òun ń gbàdúrà. Kí wọ́n tọrọ àforíjì. Kí wọ́n sì wá bàtà òun, aláwọ̀ ilẹ̀, nọ́ńbà mẹ́fà.

Lẹ́tà àkọ́kọ́ tí wọ́n fi dá a lóhùn ní, "A kẹ́dùn bí ohun tó ṣẹlẹ̀ kò bá tẹ́ yín lọ́rùn." Ó fi bíárò pupa fagi lé "bí" àti "bá", ó fún wọn ní mẹ́ta nínú mẹ́wàá, ó sì dá lẹ́tà náà padà pé kí wọ́n tún un kọ.

Wọ́n ní kó wá bá olùdámọ̀ràn sọ̀rọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Ó lọ. Nígbà tó máa fi di ọ̀sẹ̀ kẹrin, olùdámọ̀ràn ló ń sunkún nítorí ìyá ọkọ rẹ̀, Ìyá Ayọ̀ ló ń na tíṣù sí i.

Wọ́n wá mú ìwé kan jáde. Bó bá lè fọwọ́ sí i pé òun ò ní wọ aṣọ funfun wọ ọgbà mọ́, pé òun ò ní lu agogo, tí kò sì ní bá wọn jiyàn lórí ohun tó wà nínú fáìlì, ó lè padà sí kíláàsì lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Ayọ̀mípọ̀sí kúnlẹ̀ nínú ilé ìdáná.

"Mummy, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fọwọ́ sí i. Just let it go. Gbólóhùn kan péré ni!"

"Ẹni tó bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́."

"Mummy, ó ti tó!"

Ìyá rẹ̀ gbé ìwé náà sílẹ̀. "Wọ́n ní àwọn tí mò ń bá sọ̀rọ̀ kò sí. Ọlọ́run ni mò ń bá sọ̀rọ̀, Ayọ̀. Ta ni orúkọ rẹ̀ sì kọ́kọ́ jáde lẹ́nu mi lọ́jọ́ náà? Ìwọ ni. Ṣé kí n fọwọ́ sí i pé ìwọ náà ò sí?"

Ayọ̀mípọ̀sí dìde nílẹ̀. Kò tún sọ ọ́ mọ́.

Ó fẹ̀sùn kan ilé-ẹ̀kọ́ náà, ọ̀rọ̀ sì fà fún bí ọdún méjì kí wọ́n tó ní oṣù Kẹta ni ìgbìmọ̀ àwọn máa jókòó lé e. Ní oṣù Kínní, lówùúrọ̀ Sátidé kan, Ìyá Ayọ̀ mu ògì tán, ó fẹ̀yìn ti àga, ọkàn rẹ̀ sì dáṣẹ́ sílẹ̀. Bó ṣe lọ nìyẹn. Aṣọ funfun ni wọ́n fi sin ín, pẹ̀lú ẹsẹ̀ lásán, bó ṣe fẹ́.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn ìsìnkú, lẹ́tà dé láti ilé-ẹ̀kọ́. Wọ́n kẹ́dùn. Wọ́n sì ní níwọ̀n ìgbà tí ẹni tó fẹ̀sùn kan àwọn kò sí mọ́, àwọn ti pa fáìlì náà dé.

Ayọ̀mípọ̀sí kà á lórí ìdúró. Kò sí mọ́! Ẹ gbọ́ mi, ẹ̀yin èèyàn! Àwọn yìí ò lè kọ nǹkan kan nípa ìyá òun kí wọ́n má sọ pé ẹnì kan kò sí? Òun tó bẹ gbogbo ará ilé ìwòsàn lọ́jọ́sí gbé fóònù, ó ní bí wọ́n bá ti ilẹ̀kùn mọ́ òun, òun á jókòó sẹ́nu ọ̀nà wọn pẹ̀lú agogo. Wọ́n ní kó máa bọ̀.

Èèyàn mẹ́ta ló jókòó sẹ́yìn tábìlì. Alága wo ìwé, ó wo Ayọ̀mípọ̀sí. "Ta lẹ wá sọ̀rọ̀ fún?"

"Ìyá mi."

"Ṣùgbọ́n ìyá yín kò..."

"Ẹ má parí ọ̀rọ̀ yẹn."

Rodiyah kọ́kọ́ sọ ohun tó rí. Lẹ́yìn náà ni ilẹ̀kùn ṣí, Godswill sì wọlé. Rodiyah ló bẹ̀ ẹ́ pé kó wá. Ọ̀rá kan wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì gbé e sórí tábìlì bí ẹni gbé ọmọ tuntun.

Ó kọjú sí Ayọ̀mípọ̀sí, kò wo ìgbìmọ̀. "My sister, abeg no vex. My mama for Sapele dey wear the same cloth. I know say na prayer. But the job na three weeks, fear catch me." Ó ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà lòun lọ mú bàtà náà lábẹ́ igi. Ọdún méjì ló ti wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù òun níbi iṣẹ́, ojú ń ti òun láti dá a padà. "The knot, I never loose am."

Kókó méjì náà wà níbẹ̀ lóòótọ́. Alága ló tú u fúnra rẹ̀. Bàtà aláwọ̀ ilẹ̀, nọ́ńbà mẹ́fà. Ìbọ̀sẹ̀ méjèèjì wà nínú rẹ̀, Ìyá Ayọ̀ ká wọn bó ṣe máa ń ká wọn nílé. Ìwé tó ní obìnrin náà kò mọ ibi tó bọ́ bàtà sí wà lórí tábìlì kan náà. Ẹnikẹ́ni nínú wọn kò lè wo ojú Ayọ̀mípọ̀sí.

Omi ti lé ròrò sójú rẹ̀. Ó ń bínú sí Godswill, inú rẹ̀ sì ń dùn pé ó wá, kò mọ èyí tí yóò kọ́kọ́ sọ. Ohun tó jáde lẹ́nu rẹ̀ ni, "Ikọ́ yẹn ńkọ́?"

Godswill fọwọ́ nu ojú. "E don go since that week."

Lẹ́tà ìkẹyìn dé ní ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà. "A tọrọ àforíjì." Kò sí "bí", kò sí "bá". Wọ́n ti yọ gbólóhùn àtijọ́ kúrò nínú fáìlì, wọ́n sì ti fi tuntun rọ́pò rẹ̀: "Ó ń gbàdúrà." Ayọ̀mípọ̀sí wá bíárò pupa ìyá rẹ̀ kàn, ó ka lẹ́tà náà láti òkè délẹ̀, ó fún wọn ní méje nínú mẹ́wàá. Wọ́n pẹ́ jù.

Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, ó mú lẹ́tà náà lọ sí River Road. Kí ìsìn tó bẹ̀rẹ̀, ó kà á sétí àwọn àgbà ìjọ níta, ìyá arúgbó kan sì ṣe ohùn Ìyá Ayọ̀ láti ẹ̀yìn: "Bàtà mi ńkọ́?" Ẹ̀rín bẹ́. Lọ́tẹ̀ yìí, Ayọ̀mípọ̀sí ló rẹ́rìn-ín jù, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ẹkún, wọ́n sì dì í mọ́ra.

Lẹ́nu ọ̀nà, bàtà gbogbo ìjọ wà lẹ́sẹẹsẹ. Àyè kan ṣófo lápá òsì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ibẹ̀ ni Ìyá Ayọ̀ máa ń bọ́ tirẹ̀ sí, kò sì sí ẹni tó gbé bàtà síbẹ̀ láti oṣù Kínní. Ayọ̀mípọ̀sí yọ bàtà aláwọ̀ ilẹ̀ náà kúrò nínú ọ̀rá, ó gbé e síbẹ̀. Ó bọ́ tirẹ̀, ó tò ó tì í, ó sì fẹsẹ̀ lásán wọlé.

Agogo dún. Nígbà tí wọ́n ní kí oníkálukú gbé orúkọ àwọn èèyàn rẹ̀ síwájú Ọlọ́run, ó pe orúkọ ìyá rẹ̀ ṣáájú, pẹ̀lú ohùn òkè.