Ọjọ́ Tí Bàbá Káfíńtà Wọn Òrùlé Wa

Páànù ń já lókè orí wa, ó ń dún gbàgà-gbàgà, Màámi sì ń ti àwa ọmọ sábẹ́ tábìlì. Omi òjò ń rọ́ sórí tábìlì náà bí ẹni ń da garawa omi sílẹ̀. Nígbà tí ìjì náà rọlẹ̀, a yọjú, ojú ọ̀run la rí níbi tí àjà ti wà. Bàámi dúró láàárín pálọ̀ pẹ̀lú ìgbálẹ̀ lọ́wọ́, wọn kò mọ ibi tí wọn yóò ti bẹ̀rẹ̀.

Inú ọgbà obì Bàbá Káfíńtà, tó múlé tì wá ní Ìjẹ̀bú-Òde, ni páànù wa lọ já sí. Ìyẹn ló sì mú kí ọ̀rọ̀ náà le, nítorí Bàbá Káfíńtà kì í dá Bàámi lóhùn. Ọmọkùnrin kan ṣoṣo ni bàbá náà bí. Òun ló yẹ kó jogún iṣẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà, ṣùgbọ́n ó ti lọ ń ṣiṣẹ́ ní èbúté l'Ékòó. Ọ̀rẹ́ Bàámi ni ọmọ náà, Bàámi ló sì bá a wá iṣẹ́ ọ̀hún. Láti ìgbà náà, bí Bàámi bá dọ̀bálẹ̀ kí Bàbá Káfíńtà, ògiri ni bàbá náà ń wò.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, a rí i tí Bàbá Káfíńtà fẹsẹ̀ wọ ọgbà wa. Wọ́n ru páànù kan tó ti ká kò, wọ́n rọra sọ̀ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga. Pẹ́ńsùlù wà lẹ́yìn etí wọn, òórùn igi tútù sì ń jáde lára aṣọ wọn.

"Ìyàwó, pẹ̀lẹ́ o. Ṣé kò ṣe àwọn ọmọ ní nǹkan?"

"A dúpẹ́, Bàbá. Òrùlé nìkan ni," Màámi dá wọn lóhùn.

Wọ́n gbójú sókè, wọ́n wo ògiri títí. Lẹ́yìn náà ni wọ́n yọ rúlà tí wọ́n fi ń ṣe ìṣírò nínú àpò awọ. Ẹ̀rọ ìṣírò àtẹ̀lọ́wọ́ kò tíì gbòde nígbà náà, gbogbo àdúgbò ló sì mọ rúlà yìí. Igi ni, ojú rẹ̀ funfun, ìlà wẹ́wẹ́ àti nọ́ńbà kún un. Àárín rẹ̀ ń yọ̀ wọlé, ó ń yọ̀ jáde, gíláàsì kékeré kan sì wà lórí rẹ̀ tí ìlà inú rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun. Níbi tí wọ́n ti ń ṣe afárá nígbà èwe wọn ni wọ́n ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń lò ó. Mo ti bi wọ́n rí bóyá rúlà náà mọ gbogbo nǹkan.

"Kò mọ̀ ọ́n," ni wọ́n wí. "Ó lè sọ fún ọ pé méjì, kò ní sọ bóyá méjì ni tàbí ogún. Ojú rẹ lo máa kọ́kọ́ fi díwọ̀n."

Lọ́jọ́ náà, àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ wọn kò tíì dé. Bàbá Káfíńtà na téèpù, wọ́n wò yíká. Láìwo ojú Bàámi, wọ́n ní, "Ìwọ, di orí rẹ̀ mú."

Bàámi ju ìgbálẹ̀ sílẹ̀. Wọ́n gun àkàbà, wọ́n ń pe nọ́ńbà.

"Fà á le."

"Mo ti fà á, Bàbá."

"Bísímílà." Bàbá Káfíńtà fa àárín rúlà, wọ́n sún gíláàsì, wọ́n gbé e súnmọ́ ojú, wọ́n sì kọ iye náà sára pákó. Wọ́n ní igi tó máa gbé páànù gbọ́dọ̀ gùn ju ti tẹ́lẹ̀, kí òrùlé lè dà gẹ̀rẹ́ dáadáa, kí afẹ́fẹ́ má rí etí rẹ̀ gbé.

Bàámi ti pe nọ́ńbà tán, síbẹ̀ Bàbá Káfíńtà ṣì ń yọ rúlà náà wọlé, wọ́n ń yọ ọ́ jáde.

"Ṣé ara ọmọ yẹn le?" ni wọ́n béèrè níkẹyìn.

Bàámi sọ̀kalẹ̀, wọ́n dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú omi. "Ara rẹ̀ le, Bàbá. Mo dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ lóṣù tó kọjá. Ó ní ẹ̀rù yín ń ba òun. Èmi ni mo ní kó lọ, ẹ jọ̀ọ́, èmi ni kí ẹ bínú sí."

Bàbá Káfíńtà fi etí bùbá wọn nu rúlà náà.

"Mo ti bínú tó. Dìde, aṣọ rẹ ti rin. Sọ fún un pé iṣẹ́ òrùlé wà nílẹ̀, ọwọ́ wa kò pé."

Pákó ti dé láti ọ̀nà Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀ kí ọmọ náà tó dé. Ó wọ ṣòkòtò Èkó, ó gbé báàgì rẹ̀ sílẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀. Bàbá rẹ̀ nawọ́ sí igi gígùn kan. "Gbé apá ibẹ̀ yẹn." Wọ́n jọ ṣiṣẹ́ títí dìgbà oúnjẹ, tí Màámi gbé ìkọ́kọrẹ́ wá, tí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jókòó sórí pákó kan náà tí wọ́n ń jẹ ẹ́. Ọmọ náà padà sí Èkó nígbà tí òrùlé parí. Kò di káfíńtà. Àmọ́ ó ń wálé, bàbá rẹ̀ àti Bàámi sì ń kí ara wọn títí ọlọ́jọ́ fi dé bá bàbá náà.

N kò mọ ìṣírò òrùlé títí dòní. Ohun tí mo kọ́ lọ́dọ̀ bàbá yẹn ni pé nígbà tí ọ̀rọ̀ bá kọ̀ tí kò jáde, ó yẹ kéèyàn wá iṣẹ́ tó gba ènìyàn méjì. Lọ́dún tó kọjá, èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan ń bínú síra wa. Mo gbọ́ pé ó fẹ́ kó kúrò nílé tó ń gbé. Mo wọ aṣọ iṣẹ́, mo lọ bá a di ẹrù. Ìwé ìròyìn la fi ń di abọ́. Nígbà tó ṣe, ó bi mí bóyá orúnkún tó ń dùn mí ti sàn.

Mo ní ó ti ń sàn.